Àpò Rírọ̀ Tàbí Àpótí Líle: Kí Ni Kí Ẹ Dè Mọ́ Báìkì Lọ sí Ẹ̀pẹ́?

Ẹ̀yin tí ẹ kò ráyè fi etí gbọ́ ọ, ohun tí a sọ nìyí tí a ti kọ sílẹ̀, ẹ lè máa kà á lórí fóònù yín nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ.

Ẹnì kan nínú àwọn olùgbọ́ wa ní Ìkòròdú fi ohùn ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp. Ó ní báìkì 150 lòun ní, pé òun àti àfẹ́sọ́nà òun fẹ́ gba Itoikin lọ sí Ẹ̀pẹ́, kí àwọn sùn nínú àgọ́ mọ́jú, kí àwọn sì gba ibẹ̀ ya Òkè-Ẹ̀rí lọ́jọ́ kejì lọ wo Erédò Sùngbọ́. Ó ti rí àpótí alumíníọ̀mù kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí wọ́n máa ń so mọ́ ẹ̀gbẹ́ báìkì méjèèjì. Owó rẹ̀ sún mọ́ ìdajì owó tó fi ra báìkì fúnra rẹ̀. Ó wá bi wá pé, "Ṣé kí n rà á?"

Ìdáhùn mi ni pé rárá, ẹ má tíì rà á. Kì í ṣe pé àpótí yẹn kò dára o. Ẹ jẹ́ ká jọ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa, torí owó wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ ènìyàn wà níbẹ̀, ẹ̀mí gan-an sì wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ pé ọ̀nà tó yàn yẹn dùn. Ẹ rántí pé ní oṣù kẹfà ọdún 2022 ìjọba Èkó fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, nígbà tó sì di oṣù kẹsàn-án, wọ́n fi mẹ́rin kún un, Kosofe sì wà nínú wọn. Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ kò sí nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ẹni tó bá ti Ìkòròdú kọjú sí ìlà-oòrùn, tó gba Imota àti agbègbè Agbowa lọ sí Itoikin, kò ní kó sí àwọn ibi tí wàhálà yẹn wà. Ní Itoikin, ọ̀nà kan á lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, èkejì á lọ sí Ẹ̀pẹ́. Odò wà, igbó wà, ẹja tútù wà. Erédò tí wọ́n sì fẹ́ lọ wò, odi àti yàrà tí wọ́n gbẹ́ yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká ni, gígùn rẹ̀ lé ní 160 kílómítà. Àwọn àgbà ní àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Nítorí náà, ẹ lọ. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká mọ bí a ṣe máa di ẹrù.

Ohun àkọ́kọ́ ni ìwọ̀n. Kí ẹ tó wo àwọ̀ àpò, kí ẹ tó wo iye lítà tó ń gbà, ẹ wá ìwé tó bá báìkì yín wá. Wọ́n kọ iye kílò tí báìkì náà lè gbé sínú rẹ̀. Iye yẹn kì í ṣe ti ẹrù nìkan. Ẹni tó ń wà á wà nínú ẹ̀, ẹni tó jókòó sẹ́yìn wà nínú ẹ̀, irin tí wọ́n so àpótí mọ́ náà wà nínú ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Ká ní ìwé yín sọ pé 150 kílò. Ẹ̀yin jẹ́ 75, àfẹ́sọ́nà yín jẹ́ 60. Ó di 135. Ó ku 15 péré. Àpótí alumíníọ̀mù méjì pẹ̀lú irin tí wọ́n fi gbé e lè tó kílò 15 láìtíì fi ohunkóhun sínú rẹ̀! Ẹ kò tíì gbé àgọ́, ẹ kò tíì gbé omi, ìwọ̀n ti pé. Àpò rírọ̀ méjì ńkọ́? Ó lè má ju kílò mẹ́rin lọ. Ìyẹn ni pé ẹ ṣì ní kílò mọ́kànlá fún àgọ́, ẹní, aṣọ, omi àti oúnjẹ. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Àpótí tó yẹ báìkì 800 lè jẹ́ àjàgà lọ́rùn báìkì 150.

Ohun kejì ni ibi tí ẹrù wà. Ẹ máa ń rí àwọn dispatch rider wa, wọ́n gbé àpótí ńlá sẹ́yìn lókè. Fún pásù àti oúnjẹ láàárín ìgboro, kò burú. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá kó ogún kílò sínú irú àpótí yẹn, tí ó wà lókè, tí ó sì yọ sẹ́yìn kọjá táyà ẹ̀yìn, iwájú báìkì á fúyẹ́. Ọwọ́ báìkì á máa gbọ̀n. Tí ẹ bá bọ́ sí gálọ́ọ̀pù, ẹ̀yin lẹ mọ ohun tí ojú yín máa rí.

Àwọn baba ẹlẹ́mu ti mọ ọgbọ́n yìí tipẹ́. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń gbé ẹmu jáde láti oko: kẹ́ẹ̀gì kan lápá ọ̀tún, kẹ́ẹ̀gì kan lápá òsì, ó wálẹ̀, ó sún mọ́ àárín. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn Hausa ṣe ń gbé àpò kọ́ ẹ̀gbẹ́ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ méjèèjì. Ohun tí òyìnbó ń tà fún wa lówó gegere, ọgbọ́n kan náà ni. Ẹrù tó wúwo, ìsàlẹ̀ ni kó wà, kí ó sì sún mọ́ ẹni tó ń wa báìkì. Èyí tó fúyẹ́, bí aṣọ àti ẹní, lè wà lókè. Kí ọ̀tún àti òsì sì dọ́gba. Ẹ ra ìwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń wọn báàgì tó ń wọ ọkọ̀ òfuurufú, ẹ gbé àpò kọ̀ọ̀kan kọ́ ọ, ẹ wò ó.

Ohun kẹta ni ìṣubú. A kò gbàdúrà rẹ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ ọ́. Ní ọ̀nà tí iyanrìn wà, tàbí tí ọ̀dà ti bó, báìkì tó ń rọra lọ náà lè yọ̀. Tó bá ti fẹ́ yọ̀, ẹsẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ tì sílẹ̀. Báìkì ṣì ń lọ síwájú, ẹsẹ̀ yín dúró lójú kan. Tí àpótí líle bá wà lẹ́yìn, ojúgun yín ló máa wá kọ lù. Ẹsẹ̀ lè há sábẹ́ rẹ̀, egungun sì lè ṣẹ́. Àpò rírọ̀ lè kọ lu ẹsẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ó máa ń tẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gba ojú ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà fi ń lo àpò rírọ̀.

Àpótí líle ní ọjọ́ tirẹ̀ o. Ó ní kọ́kọ́rọ́. Òjò kì í tètè wọ inú rẹ̀. Ẹni tó ní kámẹ́rà àti kọ̀ǹpútà lọ́wọ́, tó ń gun báìkì ńlá lórí ọ̀dà tó já geere, tó sì ń sùn ní òtẹ́ẹ̀lì, ó lè rà á, kó sì gbádùn rẹ̀. Kí ó ṣáà rántí pé àpótí náà lè fẹ̀ ju ọwọ́ báìkì lọ. Ibi tí ọwọ́ yín ti kọjá láàárín dáńfó àti típà, àpótí lè má kọjá.

Àpò rírọ̀ náà ní àléébù. Bílédì lásán lè ya á. Nítorí náà, owó, fóònù àti ìwé báìkì kò gbọdọ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹ fi wọ́n sínú báàgì kékeré tí ẹ máa gbé kọ́ra. Tí ẹ bá yà sí ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ láti ra ẹja, kí ẹnì kan dúró ti báìkì. Lálẹ́, ẹ tú àpò, ẹ gbé e wọ àgọ́.

Ibi tó ń pani gan-an nìyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí i. Àpò tí kò ní irin lẹ́yìn lè yọ́ bọ́ sínú táyà. Okùn kan tó tú sílẹ̀ lè wé mọ́ ṣéènì. Tí táyà ẹ̀yìn bá dì gbagidi lójijì lórí eré, ìṣubú ló kù, tírélà sì lè wà lẹ́yìn yín. Nítorí náà, kí ẹ tó ra àpò, ẹ lọ bá wẹ́dà. Ẹ ní kí ó jó irin sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, èyí tí kò ní jẹ́ kí àpò fara kan táyà. Lápá ibi tí sàléńsà wà, ẹ jẹ́ kí àlàfo wà dáadáa, kí ó sì fi páànù kan bò ó, torí ooru sàléńsà lè yọ́ àpò, ó sì lè dáná sí i. Gbogbo okùn tó bá gùn jù, ẹ gé e tàbí kí ẹ ká a mọ́lẹ̀.

Ẹ tún lè sọ pé àpò rírọ̀ ti òkè òkun náà wọ́n. Òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kékeré kan. Ọmọ ilẹ̀ Jámánì kan, Hartmut Ortlieb, ń gun kẹ̀kẹ́ káàkiri nínú òjò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Gbogbo ẹrù rẹ̀ tutù. Ó wá rí i pé àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń kọjá, tapólì tí wọ́n fi bo ẹrù wọn kò jẹ́ kí omi wọlé. Nígbà tó padà sílé, ó fi ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá rẹ̀ rán tapólì di àpò. Ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ Ortlieb ti bẹ̀rẹ̀, tí gbogbo ayé ń ra àpò wọn lónìí.

Ṣé a kò ní tapólì ní Èkó ni? Ṣé a kò ní àwọn tó ń rán an fún àwọn onítírélà? Ẹ mú ìwọ̀n lọ bá wọn: àpò tó gba bíi lítà 20 sí 25 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ti tó fún alẹ́ kan. Ẹ má fi síìpù sí i. Ẹnu rẹ̀ ni kí ẹ ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ẹ wá fi ìdè há a. Ibi tí abẹ́rẹ́ bá gbà, omi lè gbà á, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ fi ẹrù sínú ọ̀rá tó nípọn kí ẹ tó kó o sínú àpò. Kí ẹ tó gbéra, ẹ fi bébà sínú rẹ̀, ẹ da omi lé e lórí fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tí bébà bá gbẹ, ẹ lè gbẹ́kẹ̀ lé e. Pàápàá tó bá jẹ́ oṣù kẹfà tàbí oṣù kẹsàn-án, ẹ̀yin náà mọ òjò wa.

Lákòótán, ẹ dánra wò. Ẹ kó gbogbo ẹrù sórí báìkì, kí ẹni tó máa jókòó sẹ́yìn náà gùn ún, kí ẹ fi ogún ìṣẹ́jú rìn ládùúgbò lórí àwọn bọ́ǹpù. Ẹ padà wálé, ẹ wo bóòtì àti nọ́ọ̀tì, ẹ wo ṣéènì, ẹ wo bóyá atẹ́gùn táyà ẹ̀yìn tó iye tí ìwé sọ fún ìgbà tí ẹrù bá wà. Ohun tó bá máa tú, ó sàn kó tú lójú ilé ju kó tú lọ́nà Itoikin.

Kúnlé Adéyanjú fi báìkì rìn láti London wá sí Èkó ní ọdún 2022 nítorí ìgbóguntì àrùn rọpárọsẹ̀. Ó gbéra ní ọjọ́ 19 oṣù kẹrin, ó dé ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún. Ẹni tó bá rìn tó ọjọ́ mọ́kànlélógójì lórí táyà méjì, kò sí bí kò ṣe ní mọ iyì ẹrù tó fúyẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sùn alẹ́ kan ní Ẹ̀pẹ́, ẹ fi ìkòkò ńlá sílẹ̀. Àwọn ìyá wà níbẹ̀ tó máa bá yín dín ẹja.

Nítorí náà, àbúrò wa ní Ìkòròdú, ẹ fún wẹ́dà lówó díẹ̀, ẹ fún oníṣẹ́ tapólì lówó díẹ̀. Ẹ fi èyí tó kù ra hẹ́límẹ́ẹ̀tì gidi fún ẹni tó máa jókòó sẹ́yìn yín. Ẹ̀yin kò sọ nípa hẹ́límẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ nínú ohùn tí ẹ fi ránṣẹ́, èmi ni mo bi yín báyìí.

Ẹni tó bá ti gun báìkì gba ọ̀nà yìí rí, kí ó fi ohùn ránṣẹ́ sí wa, kí ó sọ ohun tó fi di ẹrù tirẹ̀ àti bó ṣe rí. Ẹ bá wa fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ yín tó ní báìkì. Ọ̀nà á là o. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.