AWỌ́NRÍNWỌ́N: OLÈ ẸYIN TÀBÍ Ọ̀RẸ́ OKO?



Ní agbègbè Alábàtà àti létí àwọn odò ilẹ̀ Ẹ̀gbá, àwọn olùsìn adìẹ a máa mú ẹjọ́ awọ́nrínwọ́n wá pé ó ń kó ẹyin, ó ń gbé òròmọdìẹ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a mọ ìwà rẹ̀ ná, kí a tó mú àdá.

Awọ́nrínwọ́n lè gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 6 lọ. Ó mọ igi gùn, ó sì mọ odò wẹ̀. Ahọ́n rẹ̀ là sí méjì bí ti ejò, ṣùgbọ́n kì í fi ta ènìyàn. Òórùn oúnjẹ ni ó fi ń gbọ́. Eyín rẹ̀, èékánná rẹ̀, àti ìrù tí ó fi ń nani bí pàṣán ni kí ẹ ṣọ́ra fún.

Inú ọ̀gán ni abo sábà máa ń yé sí. Nígbà tí òjò bá ti rọ ọ̀gán, yóò gbẹ́ ẹ, yóò yé ẹyin bíi 20 sí 60, yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Ikán fúnra wọn ni yóò dí ihò náà. Ooru àti ọ̀rinrin inú ọ̀gán ni yóò tọ́jú ẹyin fún ọ̀pọ̀ oṣù títí wọn yóò fi pa.

Kì í ṣe ẹyin adìẹ nìkan ni oúnjẹ rẹ̀. Ó ń jẹ akàn, ìgbín, ọ̀pọ̀lọ́, kòkòrò, òkú ẹran, àti eku tí ń ba àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ yín jẹ́.

Àwọn kan a máa fi oògùn apakòkòrò sínú ẹyin dè é. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dán an wò! Ajá tàbí ọmọdé lè kọ́kọ́ débẹ̀. Bí awọ́nrínwọ́n bá sì jẹ ẹ́ kú, tí ẹnì kan rí òkú rẹ̀, tí ó yan án, tí ó gbé e lọ sọ́jà, ta ni yóò mọ̀ pé májèlé wà nínú ọbẹ̀ òun?

Ohun tí ẹ ó ṣe nìyí. Ọ̀sán ni awọ́nrínwọ́n ń jẹ̀, nítorí náà títi ilẹ̀kùn lálẹ́ nìkan kò tó. Ẹ kó ẹyin láàárọ̀, ẹ tún kó o lọ́sàn-án. Ẹ fi wáyà oníhò wẹ́wẹ́ yí ilé adìẹ àti ọgbà ìgbín ká, kí ẹ ri ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ sì bo orí ọgbà ìgbín. Ẹ gé ẹ̀ka igi tí ó bá na orí òrùlé. Ẹ ro etíilé, kí ẹ má sì da òkú adìẹ síta. Ẹ bò ó mọ́lẹ̀ jìnnà. Bí owó wáyà bá wọ́n fún ẹnì kan, kí ẹgbẹ́ rà á pọ̀.

Bí ó bá ge ènìyàn jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú egbò náà dáadáa, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn.

Ọlọ́run yóò bá wa ṣọ́ ohun ọ̀sìn wa o. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.