Eku Wo Ni?

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú oríire. Ẹ̀yin òbí, ẹ kú ìnáwó. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ṣì ń bi ọmọ wọn pé, "Ṣé eku náà lo lọ kà ní yunifásítì?" Eku náà ni o.

Ní 1969, àìsàn kan kọlu nọ́ọ̀sì míṣọ́nnárì kan ní ìlú Lassa, tó wà ní Borno lónìí. Jos ni wọ́n gbé e lọ, ibẹ̀ ló kú sí. Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀ náà kú. Ẹ̀kẹta wọn, Lily Pinneo, ni wọ́n gbé lọ sí Amẹ́ríkà, orí sì kó o yọ. Àìsàn náà mú Jordi Casals tó ń ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wọn ní Yale; omi inú ẹ̀jẹ̀ Pinneo ni wọ́n fà sí i lára. Òun náà yè. Wọ́n ti fi orúkọ ìlú Lassa pe fáírọ́ọ̀sì náà, ṣùgbọ́n a kò mọ ilé rẹ̀. Sierra Leone ni wọ́n ti rí i lára eku Mastomys, ní 1972.

Mastomys wo? Iṣẹ́ àwa tí a ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa eku nìyẹn. Mastomys natalensis àti Mastomys erythroleucus jọra débi pé ojú lásán kì í sábà yà wọ́n: kúrómósómù 32 ni ti àkọ́kọ́, 38 ni ti èkejì. Ọjọ́ ti pẹ́ tí natalensis nìkan ti ń ru ẹ̀bi. Ní 2016, Ayodeji Olayemi ti mùsíọ́mù yunifásítì OAU ní Ifẹ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé erythroleucus náà ń gbé fáírọ́ọ̀sì náà kiri, àti eku igbó tó ń jẹ́ Hylomyscus pamfi. Ẹni tó bá ní eku ilé nìkan ló yẹ ká ṣọ́ra fún kò tíì sọ ọ́ tán.

Tí ẹ bá dé ìdí pańpẹ́ ní ìdájí, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ kí ẹ tó ṣí i. Ẹ wọn ìrù, etí àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ẹ gé ẹ̀dọ̀ díẹ̀ sínú ọtí (kì í ṣe èyí tó wà nínú kúlà lónìí o). Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ ìwé pélébé tí ẹ máa so mọ́ eku náà, nítorí bírò máa ń yòrò nínú ọtí. Ẹ̀rọ ayé òde òní lè ka àbùdá fáírọ́ọ̀sì tí ẹnikẹ́ni kò rí rí, ṣùgbọ́n kò lè sọ abúlé tí eku náà ti wá, tàbí bóyá abẹ́ ibùsùn lẹ ti mú un. Ìwé pélébé yín ló máa sọ ọ́.

Àwọn tó yá pańpẹ́ lọ fún iṣẹ́ ìwádìí, ẹ dá a padà kí ẹ tó gba ìwé ẹ̀rí. A ti kọ orúkọ yín sílẹ̀.