Aáyán Inú Ilé: Ẹ Má Gbé Òògùn Oko Wọ Yàrá

(Ọ̀rọ̀ tí obìnrin olùtọ́jú ìlera kan, tí òun náà jẹ́ ìyàwó àgbẹ̀ kòkó, bá àwọn ìdílé sọ ní ìpàdé àgọ́ wa ní ilẹ̀ Edo.)

Mo mọ̀ pé inú oko ni ọ̀pọ̀ nínú yín ti ń bọ̀, ara sì ń ro yín, nítorí náà n kò ní fi àkókò yín ṣòfò. Ọ̀rọ̀ aáyán ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Mo rí àwọn kan tí ó ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń sọ nínú ọkàn wọn pé, "Ṣé nítorí aáyán ni a ṣe pe ìpàdé?" Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú mi rí.

OHUN TÍ OJÚ MI RÍ

Ní ọdún tí èmi àti ọkọ mi kọ́kọ́ dé igbó yìí, yàrá kan ṣoṣo ni a ní. Ilé alámọ̀ ni, páànù ni a fi bò ó. Inú yàrá náà ni a ń sùn, ibẹ̀ ni gàrí wà, ibẹ̀ ni àpò ìdọ̀họ tí a fi ń kó kòkó wà, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì sì ni àwọn páálí ẹrù tí a kó wá láti ilé wà. Kò pẹ́ rárá tí aáyán fi gba ilé mọ́ wa lọ́wọ́. Bí a bá ṣí ìkòkò, aáyán. Bí a bá gbọn aṣọ, aáyán. Ní òru, wọn a máa jẹ ètè àwọn ọmọ níbi tí ọbẹ̀ gbẹ mọ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ọkọ mi mú DDVP tí ó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí ó fín oko, ó pò ó mọ́ omi, ó sì fín in sí gbogbo igun yàrá àti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. A ti fèrèsé nítorí ẹ̀fọn, a sì sùn. Òru kò tíì jìn tí ọmọ wa kejì bẹ̀rẹ̀ sí í da itọ́ lẹ́nu. Ó ń làágùn, ó ń bì, kò sì lè mí dáadáa. Ìyá àgbà kan tí ó sáré wá ràn wá lọ́wọ́ ní kí a rọ epo pupa sí i lẹ́nu. A rọ ọ́. Epo náà gba ọ̀nà èémí lọ, ikọ́ sì tún dé mọ́ ìyà tí ó ń jẹ ẹ́. Ọ̀kadà ni a fi gbé e dé ilé ìwòsàn kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ọmọ náà kò kú.

Nígbà tí a padà délé ní ọjọ́ kẹrin, adìyẹ márùn-ún ni a bá ní òkú. Aáyán tí òògùn pa ni wọ́n ṣà jẹ. Àwọn aáyán ńkọ́? Kí oṣù kejì tó parí, wọ́n ti tún kún ilé.

Àwọn àgbà sọ pé aáyán kì í jàre níwájú adìyẹ. Nínú ilé tiwa, aáyán ni ó jàre, adìyẹ ni ó kú, ọmọ ènìyàn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a lọ. Ìdí nìyí tí n kò fi lè fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe ẹ̀rín.

ÌDÍ TÍ WỌ́N FI PADÀ

Ìgbà tí mo lọ kọ́ iṣẹ́ ìlera ni mo tó mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Oríṣi aáyán méjì ni ó wọ́pọ̀ nínú ilé wa. Èyí ńlá, tí ó pupa, máa ń gbé inú ṣáláńgá, inú gọ́tà àti ibi tí ó tutù. Òru ni ó ń wọlé wá jẹun. Èyí kékeré kò pupa tó bẹ́ẹ̀, ìlà dúdú méjì sì wà lẹ́yìn ọrùn rẹ̀. Inú ilé ni èyí ń gbé tọ̀sán tòru: nínú kọ́bọ́ọ̀dù, nínú páálí, nínú rédíò pàápàá. Ẹrù ni ó sábà máa ń bá wọlé.

Aáyán kì í yé ẹyin rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí adìyẹ. Inú àpò kékeré kan ni ẹyin ń wà, àpò náà sì dà bí hóró ẹ̀wà pupa. Àpò kan ti aáyán ńlá ní ẹyin bíi 15. Ti aáyán kékeré a máa tó 30 sí 40. Àpò yìí le, òògùn tí a fín kì í sábà wọ inú rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá fín òògùn tí ẹ sì rí òkú aáyán nílẹ̀, àwọn òbí ni ẹ pa. Àwọn ọmọ ṣì wà nínú àpò. Lẹ́yìn oṣù kan tàbí méjì wọn a pa, bí wọ́n bá sì rí oúnjẹ àti omi, ilé tún kún.

Ẹ má rò pé aṣọ àti gàrí nìkan ni wọ́n ń bà jẹ́. Ẹsẹ̀ tí wọ́n fi rìn nínú ṣáláńgá ni wọ́n fi ń rìn lórí àwo oúnjẹ. Wọ́n lè gbé kòkòrò àrùn ìgbẹ́ gbuuru àti ìgbẹ́ ọ̀rìn àti ẹyin aràn wọ inú oúnjẹ. Ìgbẹ́ wọn àti awọ tí wọ́n bọ́ sílẹ̀ a máa di eruku, eruku yìí sì a máa ru àìsàn asímà sókè lára àwọn ọmọ tí kì í lè mí délẹ̀.

OHUN MẸ́TA TÍ AÁYÁN Ń WÁ

Oúnjẹ, omi, àti ibi tí yóò sá pamọ́ sí: ohun mẹ́ta yìí ni aáyán ń wá. Ilé tí kò bá rí wọn, kò ní gbé e.

Èkínní ni oúnjẹ. Ẹ kó gàrí, èlùbọ́ àti ẹ̀wà sínú ike tàbí agolo tí ó ní ìdérí. Ẹ fọ àwo kí ẹ tó sùn. Bí omi bá wọ́n, ẹ rì wọ́n sínú omi ọṣẹ di àárọ̀. Ẹ gbá ìdí ààrò, ẹ má sì jẹ́ kí oúnjẹ ajá àti ti adìyẹ sùn sílẹ̀. Ẹ nu ẹnu àti ọwọ́ àwọn ọmọ kí wọ́n tó lọ sùn. Ẹ da pàǹtí sínú kòtò tí ó jìnnà sí ilé, kí ẹ sì fi erùpẹ̀ bò ó.

Èkejì ni omi. Aáyán lè fara da ebi fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ṣùgbọ́n òùngbẹ kì í jẹ́ kí ó pẹ́. Ẹ bo ìkòkò omi, ẹ nu ìdí rẹ̀ gbẹ ní alẹ́. Ẹ sá àkísà àti kànrìnkàn síta, ẹ má fi wọ́n sílẹ̀ ní tútù nínú ilé. Ẹ la ọ̀nà fún omi balùwẹ̀ kí ó lè máa ṣàn lọ.

Ẹ̀kẹta ni ibi ìsápamọ́. Ẹ mọ òwe náà pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti aáyán, ojú ihò tí ó sì ń fẹ́ kéré ju ti aláǹgbá lọ. Ẹ po amọ̀ dáadáa, ẹ fi dí gbogbo ibi tí ògiri ti sán. Ẹni tí ó bá ní sìmẹ́ńtì, kí ó fi rẹ́ ojú rẹ̀. Ẹ wá ìdérí fún ojú ihò ṣáláńgá, kí ẹ sì máa dé e ní gbogbo ìgbà.

Ẹ kó àpò ìdọ̀họ kúrò nínú yàrá. Ẹ sá a sínú oòrùn, ẹ lù ú, kí ẹ sì fi kọ́ ibòmíràn. Ní ti páálí, ilé ni ó jẹ́ fún aáyán, oúnjẹ sì tún ni, nítorí ó ń jẹ gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ẹ gbé ẹrù sínú àpótí tí ó ní ìdérí, kí ẹ sì gbé e kúrò nílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí a wà ní àjò ju ẹnikẹ́ni lọ, nítorí gbogbo ìgbà ni a ń kó ẹrù. Bí a bá ti ilé dé lẹ́yìn Kérésì tàbí Iléyá, ẹ jẹ́ kí a tú ẹrù síta nínú oòrùn. Ẹ gbọn aṣọ kọ̀ọ̀kan, ẹ wo igun àpótí fún àpò ẹyin, ẹ sun páálí nínú iná. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ náà kí ẹ tó kó ẹrù lọ sílé, kí ẹ má baà gbé aáyán lọ fún ìyá yín.

BÍ A ṢE LÈ PA ÈYÍ TÍ Ó KÙ

Ẹ po ọṣẹ ìfọṣọ mọ́ omi, ẹ dà á sí aáyán lára. Kì í fi imú mí. Àwọn ihò kéékèèké tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀ ni ó fi ń mí, omi ọṣẹ a sì dí wọn. Bí ẹ bá rí àpò ẹyin, ẹ fi ìgbálẹ̀ gbá a jáde, ẹ da omi híhó lé e.

Ẹ lè dẹ pàkúté pẹ̀lú. Ẹ mú ìgò ẹlẹ́nu gbòòrò, ẹ fi èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí búrẹ́dì díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ fi fàsílíìnì pa inú ẹnu ìgò náà yí ká, kí ẹ sì wé àkísà mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ kí aáyán lè rí ibi gùn. Bí ó bá ti bọ́ sínú rẹ̀, kò ní lè jáde. Ní àárọ̀, ẹ da omi híhó sí i. Ẹ ka iye tí ẹ pa. Bí iye náà bá ń dín kù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, iṣẹ́ yín ń lọ dáadáa. Bí kò bá dín kù, ẹ wá ihò tí ẹ kò tíì dí.

Ẹni tí ó bá rí páúdà boric acid rà, kí ó po ṣíbí kan rẹ̀ mọ́ ṣíbí ṣúgà kan àti ṣíbí ìyẹ̀fun kan, kí ó fi omi díẹ̀ ṣù ú róbótó-róbótó, kí ó sì fi sínú ihò tí ọwọ́ ọmọdé àti ẹnu adìyẹ kò lè dé. Kì í pa á lójú ẹsẹ̀. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó rí i pé ó ṣiṣẹ́. Ẹ rántí pé májèlé ni òun náà.

OHUN TÍ ẸNIKẸ́NI KÒ GBỌDỌ̀ ṢE

Ẹ má ṣe gbé òògùn oko wọ yàrá. Àwọn bàbá wa lo Gammalin 20 sí oko kòkó fún ọdún púpọ̀. Lindane ni ó wà nínú rẹ̀, ní ọdún 2009 ni àwọn orílẹ̀-èdè sì fi lindane sínú àdéhùn Stockholm pé kí a má lò ó sí oko mọ́, nítorí ó ń ṣe ara ní jàǹbá, kì í sì í tètè kúrò nínú ilẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ní ògbólógbòó agolo rẹ̀ nílé, kí ó fà á lé àwọn òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba lọ́wọ́. Ní ti DDVP, ní ọdún 2019 ni NAFDAC fòfin de títa rẹ̀ nínú ìgò kéékèèké, nítorí ìpalára tí ó ń ṣe. Ẹ má ra ọ̀tápiápiá tí kò ní orúkọ lára ìgò. Ẹ má sì ṣe rọ òògùn kankan sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò láé. Ọmọdé kò mọ̀ ju ohun mímu lọ.

Ẹ̀yin ìyá ọmọ tuntun, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Ẹ má ṣe kó káńfọ̀ sáàárín aṣọ ọmọ nítorí aáyán. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ni a bí pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ tí kò lè gba òórùn káńfọ̀ yìí. Ẹ̀jẹ̀ náà a máa bàjẹ́, ojú ọmọ a pọ́n bí ti ẹni tí ibà pọ́njú mú, ó sì lè ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́ tàbí kí ó pa á.

BÍ ỌMỌ BÁ KÓ SÍNÚ ÒÒGÙN

Bí ọmọ bá ń da itọ́, tí ó ń làágùn, tí ó ń bì, tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n tàbí tí kò lè mí, ẹ gbé e jáde sí ibi tí atẹ́gùn wà. Ẹ bọ́ aṣọ ara rẹ̀, ẹ fi ọṣẹ àti omi wẹ̀ ẹ́. Ẹ má rọ epo pupa sí i lẹ́nu, ẹ má rọ mílíìkì, ẹ má ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun pé kí ó bì. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì mú ìgò òògùn náà dání kí dókítà lè mọ ohun tí ó jẹ́.

ỌJỌ́ SÁTIDÉ

Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ yìí ní àgọ́ kejì, bàbá kan bi mí pé, "Ọmọ mi, ṣé kí a fi oko sílẹ̀ kí a máa lé aáyán ni?" Mo ní, "Rárá o, Bàbá. Ẹ fún wa ní àárọ̀ Sátidé kan péré." Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún náà nìyẹn. Kí gbogbo ilé kó ẹrù síta ní ọjọ́ kan náà. Kí àwọn ọkùnrin po amọ̀ dí ògiri kí wọ́n sì ṣe ìdérí ṣáláńgá. Kí àwa obìnrin gbọn ẹrù kí a sì fọ ìdáná. Kí àwọn ọmọ sun páálí níṣojú àgbà. Ẹnì kan kò lè dá a ṣe. Bí yàrá mi bá mọ́ tí yàrá ìyá tí ó múlé tì mí kò mọ́, òru kan ni aáyán yóò fi padà wá kí mi.

Ọmọ mi tí mo sọ ìtàn rẹ̀ ti dàgbà báyìí, ó ń bá bàbá rẹ̀ fọ́ kòkó. Bí mo bá ti rí i, mo máa ń rántí òru ọjọ́ náà. N kò fẹ́ kí ìyá kankan ní àgọ́ yìí ní irú òru bẹ́ẹ̀. Ó di Sátidé o.