Mọ́tò Tí Kò Lẹ́nu

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú bọ́ọ̀sì, tẹ́ ẹ ki íápíìsì bọtí, ẹ kú ìrìn. Ẹ̀yin tí gósíló há mọ́ orí Third Mainland, ẹ pẹ̀lẹ́, a jọ wà níbẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ mọ́tò oníná la fẹ́ sọ lónìí. Kì í ṣe iye tí wọ́n ń tà á o, torí èmi náà ò tíì ní in. Ojú ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Kí ló dé tí wọ́n máa ń ṣe é kó yàtọ̀?

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Lóṣù díẹ̀ sẹ́yìn, mo fi fóònù pe takisí kan kó wá gbé èmi àti bàbá mi láti Mushin lọ sí Lekki. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí bàbá mi ti ń tún rédíétọ̀ ṣe. Owó rédíétọ̀ ni wọ́n fi rán mi lọ sí yunifásítì, kí ẹ mọ̀. Mọ́tò náà dé láìdún rárá, funfun báláú. Bàbá mi ò wọlé. Wọ́n lọ síwájú ẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fọwọ́ pa ibi tó yẹ kí gíríìlì wà. Ó ń dán, kò ní ihò kankan.

Wọ́n ní, "Ọmọ mi, mọ́tò yìí ò lẹ́nu. Ibo ló ń gbà mí?"

Dẹ́rẹ́bà rẹ́rìn-ín. "Bàbá, oníná ni, sà. Kò nílò kó mí."

Bàbá mi ò rẹ́rìn-ín ní tiwọn. Wọ́n wọlé, wọ́n jókòó, wọn ò sì sọ̀rọ̀ títí a fi sọ̀kalẹ̀ lórí afárá. Mo mọ ohun tí wọ́n ń rò. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí mo padà délé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé nípa ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú ti mímí yẹn kọ́kọ́. Tí ẹ́ńjìnnì bá jó epo, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta agbára epo yẹn ló ń di ooru lásán. Òmíràn gba sálẹ́ńsà jáde, òmíràn gba rédíétọ̀. Ìdí nìyẹn tí mọ́tò ṣe ní ẹnu níwájú, kí atẹ́gùn lè wọlé wá tu ú lára. Mọ́tò oníná ní tiẹ̀ ń sọ nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá iná tó bá gbà di ìrìn. Ooru ibẹ̀ kéré gan-an. Tí wọ́n bá wá fi ẹnu ńlá sí i, atẹ́gùn á kàn máa wọlé lásán ni, á sì máa fa mọ́tò sẹ́yìn.

Ibi atẹ́gùn yìí gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ẹ gbọ́ ìṣirò kan. Ẹ mọ yúnìtì tí ẹ ń rà sí mítà yín, àbí? Agbára tó wà nínú lítà epo bẹntiróòlù kan tó yúnìtì mẹ́sàn-án. Nissan Leaf àkọ́kọ́, tó jáde ní December 2010, bátìrì ẹ̀ gba yúnìtì 24. Ẹ ṣe é wò. Kò tó epo lítà mẹ́ta! Ta ló ń ra epo lítà mẹ́ta kó tó lọ sí Ìbàdàn? Ìjọba Amẹ́ríkà wọ̀n ọ́n, wọ́n ní tí bátìrì ẹ̀ bá kún, ó lè rin nǹkan bíi kìlómítà 117. Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Atẹ́gùn sì rèé, òṣìkà ni. Tí o bá sáré ní ìlọ́po méjì, ipá tó fi ń tì ọ́ á di ìlọ́po mẹ́rin. Bátìrì tóóró, atẹ́gùn ńlá: ohun tó kù ni kí wọ́n mú ara mọ́tò dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́. EV1 tí General Motors gbé jáde ní 1996 tiẹ̀ bo táyà ẹ̀yìn ẹ̀ mọ́lẹ̀ nítorí ẹ̀. Iná iwájú Leaf náà wú síta bí ojú ọ̀pọ̀lọ́. Mo ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ rí, kí n tó mọ̀ pé wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kó lè darí atẹ́gùn kúrò lára dígí ẹ̀gbẹ́. Ẹ́ńjìnnì tó máa ń pariwo ò sí mọ́, kò sí ohun tó máa bo ariwo atẹ́gùn mọ́lẹ̀. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọ̀pọ̀lọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ṣekárími náà wà níbẹ̀. Ẹ wo Toyota Prius, tó ń lo epo àti iná pọ̀. Honda ṣe irú ẹ̀, àmọ́ Civic tí gbogbo ayé mọ̀ ni wọ́n ki iná sí. Prius ló tà. Ní 2007, iléeṣẹ́ ìwádìí CNW bi àwọn tó ra Prius ní Amẹ́ríkà léèrè ìdí pàtàkì tí wọ́n fi rà á. Ìdá 57 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní torí ohun tó ń sọ nípa àwọn ni. Àwọn ìbejì kan, Steven àti Alison Sexton, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ni wọ́n, tún wá yẹ̀ ẹ́ wò ní Washington àti Colorado. Wọ́n rí i pé àwọn èèyàn ṣe tán láti san owó lé e, ó lè tó ẹgbẹ̀rún dọ́là mélòó kan, kí aládùúgbò lè rí i pé àwọn fẹ́ràn àyíká. Èmi ò dá wọn lẹ́bi. Ta ló máa ra léèsì olówó ńlá, táá wá wọ ẹ̀wù òjò lé e lọ òde?

Àwọn kan tiẹ̀ bẹ̀rù ìyàtọ̀ yẹn. Nígbà tí Tesla gbé Model S jáde ní 2012, wọ́n lẹ ẹnu dúdú kan mọ́ iwájú ẹ̀, ẹnu irọ́. Ní 2016 ni wọ́n yọ ọ́, nígbà tójú ti mọ́ ọn. BMW ní tiwọn ṣe i3 bí ohun tó já bọ́ látọ̀run, ìgbà tó yá wọ́n wá ṣe i4, tó jọ BMW elépo, tó sì ní gíríìlì fàkìàfakia níwájú. Dídì ni. Ẹnu wà, kò là. Lójú tèmi, ìyẹn burú ju ojú ọ̀pọ̀lọ́ lọ.

Ohun kan wà tí mo fi pamọ́ kó tó kan ibí. Bátìrì náà máa ń gbóná. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò oníná, omi ló ń tu ú, ihò tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà nísàlẹ̀ bọ́ńpà, rédíétọ̀ sì wà lẹ́yìn ẹ̀. Mo wá fídíò kan tí wọ́n ti tú u palẹ̀, mo gbé fóònù fún bàbá mi.

Wọ́n wò ó dáadáa. "Ó kéré," ni wọ́n wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Omi ń gba inú ẹ̀ kọjá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Á jò." Wọ́n wọ ìgò ojú wọn. "Dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀."

Ẹ fi ohùn yín ránṣẹ́ sí wa, ẹ sọ mọ́tò oníná tẹ́ ẹ ti wọ̀ rí. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.