Agbe, Àlùkò àti Lékeléke: Ìrìn Wíwo Ẹyẹ ní Àsìkò Àrọ̀kúrò

Àwọn tí ó pè mí ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí èdè Ifá. Orí ẹyẹ ni mo fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà kà lónìí, nítorí pé lọ́dọ̀ ẹyẹ ni mo ti rí i kedere jù pé ọ̀rọ̀ lè wà lẹ́nu kí ohun tí ó ń tọ́ka sí má sí lójú mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí gbogbo wa mọ̀. Kò sí ẹni tí ó mọ ìwúre í ṣe níhìn-ín tí kì í dárúkọ Agbe, Àlùkò àti Lékeléke. Aró ni ti Agbe, osùn ni ti Àlùkò, ẹfun ni ti Lékeléke. Lékeléke, gbogbo wa ti rí i. Ṣùgbọ́n ẹni mélòó nínú wa ni ó ti fi ojú ara rẹ̀ rí Àlùkò lórí igi? Mo máa ń bi àwọn ọmọ awo tí ń kọ́ ẹsẹ lọ́dọ̀ mi léèrè ohun tí Àlùkò jẹ́. Èsì wọn kì í yàtọ̀: "Oríṣi ẹyẹ kan ni." Àwọn ìwé atúmọ̀ èdè wa kò fi bẹ́ẹ̀ sàn jù wọ́n lọ; ọ̀pọ̀ orúkọ ẹyẹ ni wọ́n kọ irú ìtumọ̀ bẹ́ẹ̀ sí iwájú rẹ̀, tí wọ́n sì kọjá lọ.

Onímọ̀ ẹ̀dá èdè lè fara mọ́ ọn. Awo kò lè fara mọ́ ọn. Nínú ẹsẹ Ifá, ìwà ẹyẹ ni ẹ̀rí. Bí ẹsẹ bá ní ẹyẹ kan rúbọ tí ayé rẹ̀ fi rí báyìí, tàbí pé ó kọ etí dídi sí ẹbọ tí ohùn rẹ̀ fi dà báyìí, ohun tí ó rí "báyìí" náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí ẹni tí ó wá dáfá lè jáde síta kí ó sì rí. Bí oníbàárà kò bá mọ ẹyẹ, tí awo pàápàá kò sì mọ̀ ọ́n, ìtàn lásán ni ó kù.

Nítorí náà ni àwa ọ̀rẹ́ márùn-ún kan ní Ìbàdàn ṣe ń jáde ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, tí a ń wo ẹyẹ: ọdẹ àgbà kan tí ó ti fi ìbọn sílẹ̀, tíṣà bayọ́lọ́jì kan, aránṣọ kan tí í ṣe ọlọ́ṣun, ọmọ awo mi kan, àti èmi. Àwọn kan ti sọ fún wa pé eré òyìnbó ni wíwo ẹyẹ. Ọdẹ àgbà wa rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀ nígbà tí ó gbọ́ ìyẹn.

Àsìkò tí a yàn ni àrọ̀kúrò, láti nǹkan bí àárín oṣù Kẹsàn-án títí ọyẹ́ yóò fi dé. Kò sí ìgbà tí ó dára tó o. Òjò ń palẹ̀ mọ́, koríko ti so, kòkòrò pọ̀. Àwọn ẹyẹ onílé wà nílé, àwọn àlejò sì ń wọlé. Ní Yúróòpù, ìgbà yìí gan-an ni ewé ń wọ́ lára igi, tí òtútù ń bẹ̀rẹ̀, tí kòkòrò ń tán. Ẹyẹ tí ó jẹ́ pé kòkòrò ni oúnjẹ rẹ̀ kò lè dúró. Wọn a ré òkun Mẹditaréníà kọjá, wọn a la aginjù Sàhárà já, wọn a sì bọ́ sọ́dọ̀ wa. Ọ̀kan wà nínú wọn tí àwọn òyìnbó ń pè ní willow warbler, tí ìwọ̀n rẹ̀ kò ju nǹkan bíi gíráàmù mẹ́sàn-án lọ. Iyọ̀ tí ó kún ṣíbí tíì méjì wúwo jù ú lọ.

Ibi tí a sábà máa ń lọ ni etí adágún Awba ní Yunifásítì Ìbàdàn. A óò rí ẹyẹ kékeré kan létí omi níbẹ̀ tí ìdí rẹ̀ kì í sinmi, tí ó ń mì ín sókè sódò bí ẹni tí ilẹ̀ ń jó lẹ́sẹ̀. Common sandpiper ni, àlejò láti òkè òkun. Lórí pápá koríko ní oṣù Kẹwàá ni òmíràn ti ń sáré kiri, àyà rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè, òun náà àlejò. Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ sì ni ó dùn mọ́ èmi nínú jù, nítorí pé orúkọ kan yìí ni a fi ń pe ẹyẹ tí ó ju ọ̀kan lọ. Ọ̀kan ń fi amọ̀ kọ́ ilé sábẹ́ òrùlé àti afárá wa níhìn-ín. Èkejì, Yúróòpù ni ó ti ń kọ́ ilé tirẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn nìkan ni ó ń wá lò lọ́dọ̀ wa. Ẹ wo ọ̀fun wọn kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Ti àlejò pupa bí obì, ọ̀já dúdú kan sì gba àyà rẹ̀ kọjá. Ti onílé, ọ̀já náà já ní àárín. Ní Boje, ní ìpínlẹ̀ Cross River, iye àlejò yìí tí ń sùn pọ̀ nínú koríko gíga lórí òkè ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ju mílíọ̀nù kan lọ.

Lékeléke náà arìnrìnàjò ni, ṣùgbọ́n inú Áfíríkà níhìn-ín ni tirẹ̀. Ìhà àríwá ni ó ti ń pamọ nígbà òjò. Bí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, a padà sọ́dọ̀ wa ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, àwọn ọmọdé a sì máa bẹ̀ ẹ́ fún èékánná funfun bí ó ti ń kọjá. A máa ń kọ ọjọ́ tí a kọ́kọ́ rí i sílẹ̀ lọ́dọọdún. Ohun kan sì wà tí mo fẹ́ràn láti máa sọ fún àwọn ará wa tí ó bá wá láti Kúbà àti Bùràsíìlì. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, lékeléke fi ìyẹ́ ara rẹ̀ ré òkun Àtìláńtíìkì kọjá láti Áfíríkà, ó sì balẹ̀ sí apá àríwá Gúúsù Amẹ́ríkà. Láti ibẹ̀ ni ó ti tàn ká. Lónìí, ọmọ Ọbàtálá tí ó wọ aṣọ funfun ní Matanzas lè rí i lẹ́yìn màlúù gẹ́gẹ́ bí ará Ìsẹ́yìn ti ń rí i. Kò sí ọkọ̀ ẹrú kankan tí ó gbé e débẹ̀.

Ọdẹ àgbà wa kì í yára wo òkè. Etí ni ó fi ń wá ẹyẹ. Ní ọjọ́ tí a kọ́kọ́ jáde, ọmọ awo mi gbé awò ọlọ́jú méjì tí ń fa ohun tí ó jìnnà súnmọ́ni sójú, ó sì ń yí i kiri lójú ọ̀run. Bàbá fà á wálẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ní, "Ọmọ mi, gbọ́ ọ ná kí o tó wò ó." Ẹ̀lulùú ń ké nínú igbó lẹ́yìn adágún. Ohùn rẹ̀ ń já bọ́ ní ìtẹ̀léra bí omi tí ń tú jáde láti ẹnu akèǹgbè, ó ń lọ sílẹ̀, ó ń lọ sílẹ̀, ó sì tún gòkè díẹ̀ ní ìparí. Bàbá ní kí á pe orúkọ rẹ̀ tẹ̀lé e. Ẹ̀yin náà, ẹ pè é: ẹ̀-lu-lù-ú. Ṣé ẹ gbọ́ bí ohùn yín ti lọ sílẹ̀ tí ó sì gòkè ní ìkẹyìn? Ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ ẹyẹ yẹn lórúkọ fi ohùn èdè wa ṣe àkọsílẹ̀ orin rẹ̀. Mo ti kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo sì ti lo àpẹẹrẹ oríṣiríṣi, n kò tíì rí èyí tí ó dùn tó o. Kówéé àti kannakánná náà, láti inú igbe wọn ni orúkọ wọn ti wá. Ẹni tí kò bá gbọ́ igbe rí kò lè mọ̀ pé orúkọ náà ní orin nínú. A tún máa ń sọ pé ẹ̀lulùú ni ó ń pe òjò. Òjò rọ̀ lù wá lọ́jọ́ náà títí aṣọ fi lẹ̀ mọ́ wa lára. Aránṣọ wa kò tíì jẹ́ kí a gbàgbé rẹ̀.

Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, a máa ń wọ ọkọ̀ jáde kúrò ní Ìbàdàn, kí a sì padà ní ọjọ́ kan náà. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ni aránṣọ wa kọ́kọ́ mú wa lọ. Hẹ́kítà 75 ni ibẹ̀, àjọ UNESCO sì fi orúkọ rẹ̀ sí àkójọ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní 2005. Kí UNESCO tó gbọ́ orúkọ Ọ̀ṣun rárá ni èèwọ̀ ti wà níbẹ̀: a kì í dọdẹ, a kì í pẹja, a kì í gé igi. Ìdí nìyẹn tí ẹyẹ fi pọ̀ níbẹ̀ tí kò sì sá fún ènìyàn bí ó ti ń sá níbòmíràn.

Ibẹ̀ ni a ti rí i. Ẹyẹ tí ó tóbi ju ẹyẹlé lọ, tí ara rẹ̀ ní àwọ̀ ewé, ń sáré lórí ẹ̀ka bí ọ̀kẹ́rẹ́. Kò sí osùn kankan tí a rí lára rẹ̀. Lójijì ó la apá, ó sì fò kọjá odò, inú apá náà pupa fòò! Bàbá ní, "Àlùkò nìyẹn." Ọdẹ mìíràn láti ìhà Ìgbòho ti sọ fún wa pé èyí tí ara rẹ̀ dúdú bí aró tí ó gbó ni àwọn ń fi orúkọ náà pè lọ́dọ̀ tiwọn. Ìdílé kan náà ni àwọn méjèèjì, ìdílé tí òyìnbó ń pè ní turaco, osùn inú apá wọn sì dọ́gba. Onímọ̀ kẹ́míkà ará Bírítéènì kan, Arthur Herbert Church, ṣe ìwádìí àwọ̀ náà ní 1869, ó sì rí i pé bàbà wà nínú rẹ̀. Kò sí ìdílé ẹyẹ mìíràn tí ó ní irú àwọ̀ yìí. Omi tí eérú tàbí ọṣẹ bá wà nínú rẹ̀ sì lè fà á jáde kúrò lára ìyẹ́. Ẹ gbọ́ o: osùn Àlùkò ṣeé fọ̀. Nígbà tí mo bá ń ṣe ìwúre báyìí tí mo sì dé orí orúkọ náà, apá kan là lójú mi, ó sì pupa.

Díẹ̀ ni mo fẹ́ sọ nípa ọ̀kín. Ìwé ilé ẹ̀kọ́ kún fún àwòrán ẹyẹ ńlá olójú púpọ̀ nírù tí wọ́n kọ "ọ̀kín" sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹyẹ Íńdíà àti Sri Lanka nìyẹn. Ọmọ Ìyẹ̀rú Ọ̀kín ti ń jẹ́ oríkì wọn ní Ọ̀fà kí ẹnikẹ́ni tó kó ẹyẹ yẹn wọlé wá. Nínú igbó tiwa, ẹyẹ kékeré kan wà tí ìrù akọ rẹ̀ gùn ju ara rẹ̀ lọ, tí í ń fi òwú aláǹtakùn so ìtẹ́ rẹ̀ pọ̀. Ẹ lọ wò ó kí ẹ tó tún ya àwòrán.

Ìbàdàn náà ní ẹyẹ tí a fi orúkọ rẹ̀ sọ: Malimbus ibadanensis, ìbátan ẹ̀gà, dúdú àti pupa, tí John Elgood kọ nípa rẹ̀ fún ayé ní 1958. Gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà nìkan ni ó wà ní gbogbo ayé, igbó IITA sì jẹ́ ọ̀kan lára ibi tí ó kù sí. Orúkọ ìlú wa wà lára rẹ̀ ní èdè Látìn, kò sì sí ọmọ Ìbàdàn kan nínú ọgọ́rùn-ún tí mo bi léèrè tí ó gbọ́ ọ rí.

Mo fi èyí tí ó le jù sí ìkẹyìn. Láàárín ọdún mẹ́rin tí a ti ń rìn ní Ìbàdàn, a kò tíì fi ojú kan igún, àní ẹyọ kan. Àwọn tí ó ti dàgbà nínú yín yóò rántí bí wọ́n ti ń jókòó lórí òrùlé odò ẹran bí àwọn olóyè tí ń ṣèpàdé. Ní 2015, àjọ IUCN, tí ń ṣe àkójọ àwọn ẹ̀dá tí ń parẹ́, gbé igún tiwa yìí dé ìpele tí ó kẹ́yìn kí ẹ̀dá tó parẹ́ pátápátá nínú igbó. Májèlé wà lára ohun tí ń pa wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ fún ara wa: a ń pa wọ́n fún oògùn, orí àti ìyẹ́ wọn sì wà lórí àtẹ lọ́jà. Ta ni ń rà á? Ẹ má wo ẹ̀yìn. Igún tí àwọn baba wa ní a kò gbọdọ̀ pa, a kò gbọdọ̀ jẹ, a kò gbọdọ̀ fi bọ orí, òun náà ni igún tí a ń retí kí ó wá gbé ẹbọ. Bí a bá gbé ẹbọ kalẹ̀ lónìí, ta ni ó kù tí yóò wá?

Odídẹrẹ́ náà ńkọ́? Ní 2016, àwọn orílẹ̀-èdè tí ó fọwọ́ sí àdéhùn CITES pàdé ní Johannesburg, wọ́n sì fòfin de kíkó odídẹrẹ́ inú igbó ṣòwò láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì. Ní ọdún kan náà ni ìwádìí kan jáde nípa Gánà: nínú ọgọ́rùn-ún odídẹrẹ́ tí ó wà níbẹ̀ ní 1992, kò ṣẹ́ ku ju nǹkan bí ẹyọ mẹ́wàá lọ, ó sì lè jẹ́ ẹyọ kan. Ìkóódẹ kì í jẹrà. Èyí tí a jogún ni a ń lò nínú ilé awo tèmi, a ń tọ́jú rẹ̀, a ń fi lé ara wa lọ́wọ́. A kì í ra tuntun, a kì í sì í ra igún rárá. Àgbà awo kan bi mí pé, bí Ifá bá bèèrè rẹ̀ ńkọ́? Mo ní, "Bàbá, ìbò wà lọ́wọ́ yín. Ẹ bi í bóyá yóò gba ẹyẹlé tàbí owó dípò rẹ̀. Mo ti bi í, ó sì ti gbà lọ́dọ̀ mi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ." Wọ́n mi orí, wọn kò sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán láàárín èmi àti wọn.

Ìrìn wa tí ó ń bọ̀ yóò wáyé ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kejì nínú oṣù Kọkànlá. Kí ẹ mú ìwé pélébé àti gègé dání, kí ẹ sì kọ orúkọ tí wọ́n ń pe ẹyẹ kọ̀ọ̀kan ní ìlú yín sílẹ̀, nítorí pé orúkọ Ìjẹ̀bú àti ti Èkìtì kì í fìgbà gbogbo dọ́gba, gbogbo rẹ̀ ni a sì ń kó jọ. Ẹ̀yin ọmọ Ọbàtálá, ẹ dákun, ẹ má wọ funfun lọ́jọ́ náà. Ẹyẹ a máa tètè rí i. Aránṣọ wa yóò mú àkàrà wá. Aago mẹ́fà òwúrọ̀ ni a óò gbéra láti ẹnu ọ̀nà yunifásítì, Bàbá ọdẹ kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni.