Ilé-ìwé Wa Ń Gbòòrò: Ta Ni Yóò Ka Ìwé Owó?

Ẹ̀yin ará wa ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní Àjàṣẹ́ àti ní gbogbo abúlé tó yí wọn ká, ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìwé kà gan-an ni ọ̀rọ̀ òní ń bá wí.   Ọ̀rọ̀ ilé-ìwé àwọn ọmọ wa ni.

Ẹ wo ilé-ìwé ìjọba tó wà nítòsí yín. Kíláàsì 6 ni ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ máa ń ní: CI, CP, CE1, CE2, CM1 àti CM2. Bí ọmọ bá pọ̀ ju ohun tí kíláàsì 6 lè gbà lọ, wọ́n a pín ilé-ìwé náà sí méjì. Ọ̀kan á di A, èkejì á di B. Níbòmíràn, ó ti dé C. Ẹ lè ka lẹ́tà yìí lára pátákó ilé-ìwé. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n ó ń sọ fún yín pé ilé-ìwé yín ti gbòòrò.

Kí ló mú un gbòòrò? Òfin ńlá ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti ọdún 1990 sọ pé dandan ni ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àti pé díẹ̀díẹ̀ ni ìjọba yóò sọ ẹ̀kọ́ ilé-ìwé ìjọba di ọ̀fẹ́. Ní ọdún 2006, ìjọba mú owó ilé-ìwé kúrò fún àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní ilẹ̀ Tógò, ọdún 2008 ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó ń da ẹran wọ ilé-ìwé. Ọmọbìnrin tó ń kiri ọjà wọ ilé-ìwé. Ohun ayọ̀ ni.

Ṣùgbọ́n ọmọ yára pọ̀ ju ilé lọ. Ọjọ́ kan tó láti kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀. Ọjọ́ kan kò tó láti kọ́ kíláàsì. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ abúlé fi igi àti imọ̀ ọ̀pẹ ṣe àtíbàbà fún àwọn ọmọ. Níbi tí olùkọ́ kò sí, àwọn òbí dá owó jọ, wọ́n gba ọ̀dọ́ tó mọ̀wé pé kó wá kọ́ àwọn ọmọ. Lẹ́yìn náà ni ìjọba wá gba ọ̀pọ̀ nínú àwọn olùkọ́ ará ìlú wọ̀nyí sí iṣẹ́.

Ta ló wá ni ilé-ìwé? Ọwọ́ mẹ́ta ló jọ gbé e.

Ọwọ́ kìíní ni ìjọba orílẹ̀-èdè. Òun ló ń rán olùkọ́ wá. Òun ló ń san owó oṣù wọn. Òun ló ń ṣètò ìdánwò.

Ọwọ́ kejì ni kómúùnù. Láti ọdún 2003 tí àwọn kómúùnù ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pẹ̀lú mẹ́ẹ̀rì àti ìgbìmọ̀ tí ará ìlú dìbò yàn, òfin ti fi kíkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba àti títún un ṣe sí ọwọ́ wọn. Bí atẹ́gùn bá ṣí páànù, ilé iṣẹ́ mẹ́ẹ̀rì ni kí ẹ lọ.

Ọwọ́ kẹta ni ẹ̀yin òbí, nínú ẹgbẹ́ òbí tí a ń pè ní APE.

Ẹ wo oúnjẹ ọ̀sán ilé-ìwé. Ní ọdún 2017, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ àti àjọ oúnjẹ àgbáyé tí a ń pè ní PAM bẹ̀rẹ̀ ètò ńlá kan láti bọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé. Oúnjẹ dé. Ṣùgbọ́n ìkòkò kì í dáná fún ara rẹ̀. Ta ló ń wá igi? Ta ló ń pọnmi? Ta ló ń ro ọbẹ̀? Àwọn ìyá abúlé ni. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bí ọwọ́ kan bá fi í sílẹ̀, ẹrù á wó.

Kí ló máa ń mú kí ọwọ́ òbí fi í sílẹ̀? Ìfura lórí owó ni. Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan wò ó.

Ní abúlé kan, ilẹ̀ kíláàsì fọ́, àwọn ọmọ ń fẹsẹ̀ kọ. Òbí 120 fẹnu kò pé kí olúkúlùkù mú 500 fránkì wá. Wọ́n tún ilẹ̀ náà ṣe. Ní ìpàdé, bàbá kan dìde, ó ní:

“Akápò, ṣé inú ilẹ̀ kékeré yìí ni gbogbo owó wa tán sí?”

Akápò dáhùn pé: “Bàbá, ẹ má bínú. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé.”

Ìwé náà wà lórí tábìlì. Kò sí ẹni tó lè kà á. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí kùn. Ìpàdé tú ká. Ní ọdún kejì, atẹ́gùn ṣí páànù ilé-ìwé, kò sì sí ẹni tó fẹ́ dá owó mọ́.

Kí ló wà nínú ìwé náà? Ẹ kà á pẹ̀lú mi.

Owó tó wọlé: òbí 120, 500 fránkì lọ́kọ̀ọ̀kan: 60 000.
Sìmẹ́ǹtì àpò 8, 4 000 lọ́kọ̀ọ̀kan: 32 000.
Iyanrìn: 10 000.
Owó iṣẹ́ birikilà: 12 000.
Gbogbo owó tó jáde: 54 000.
Owó tó ṣẹ́kù: 6 000.

Ẹ rí i pé akápò kò jí nǹkan kan. 6 000 fránkì wà nínú àpótí. Òtítọ́ ló kọ, ṣùgbọ́n òtítọ́ tí ẹnikẹ́ni kò lè kà dàbí irọ́ létí ará ìlú. Ìwé kíkà kì í ṣe fún mímú olè nìkan. Ó tún ń gba ẹni rere lọ́wọ́ ẹ̀sùn èké.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀wé báyìí, iṣẹ́ yín nìyí.

Ẹ máa lọ sí ìpàdé APE, ìyá àti bàbá. Kí akápò ka ìwé owó sókè. Kí ẹlòmíràn tún kà á lẹ́yìn rẹ̀. Kí ẹnì kẹta ka owó inú àpótí níwájú gbogbo ènìyàn.

Bí ẹnì kan bá ní kí ẹ mú owó wá sí ilé-ìwé, ẹ béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: owó kí ni? Ìpàdé wo ló fọwọ́ sí i? Ẹ gba ìwé ẹ̀rí.

Bí ẹ bá fẹ́ kí kómúùnù tún ilé-ìwé ṣe, ẹ kọ lẹ́tà. Ẹ kọ ọjọ́ sí i, kí ẹ fọwọ́ sí i, kí ẹ tọ́jú ẹ̀dà kan. Ọ̀rọ̀ ẹnu a máa bá atẹ́gùn lọ, ṣùgbọ́n lẹ́tà yóò wà nílẹ̀.

Ní ìpàdé tó ń bọ̀, nígbà tí wọ́n bá gbé ìwé owó sórí tábìlì, ẹ má dákẹ́. Ẹ dìde, kí ẹ sọ pé: “Ẹ jẹ́ kí n kà á.”