Bí ẹ̀yìn ọkọ̀ bá le, ẹ má tíì ra sípíríǹgì

Àṣìṣe tèmi gan-an ni mo fẹ́ sọ lónìí, kó má bàa ná yín lówó bó ṣe ná ẹlòmíràn.

Ẹ̀gbọ́n kan wà níbí ní London, tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ awakọ̀ bọ́ọ̀sì. Wọ́n ra MGB GT ti ọdún 1972. Ìlú Abingdon ni wọ́n ti ń ṣe MGB, láti 1962 títí di 1980. Ẹ̀yìn ọkọ̀ eré yìí kò díjú rárá: axle kan gbọọrọ, sípíríǹgì oníirin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra lọ́tùn-ún àti lósì, àti ṣọ́ọ̀kì méjì. Ṣọ́ọ̀kì náà kò gùn bíi ti ọkọ̀ òde òní. Àpótí irin kékeré ni, ó ní apá kan, ọ́ìlì ló wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ní, "Àbúrò, bí mo bá kó sí kòtò kékeré báyìí, gbogbo ẹ̀yìn mi ló ń ro mí. Ìyàwó mi ní òun ò wọ̀ ọ́ mọ́."

Mo yọjú wo abẹ́ ọkọ̀, mo rí ìpẹtà lára sípíríǹgì. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ra tuntun." Wọ́n rà á. Mo fi jáàkì gbé ọkọ̀, mo pààrọ̀ méjèèjì, mo dè é pinpin. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n padà dé. "Àbúrò, ó tún wá le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ!"

Ojú tì mí. Mo wá bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀, bó ṣe yẹ kí n ti ṣe.

Èkíní, táyà. Ẹ fi géèjì wọn afẹ́fẹ́ rẹ̀ nígbà tó bá tutù, kí ẹ fi wé ohun tí ìwé ọkọ̀ sọ. Táyà tó kún jù máa ń le bí òkúta. Ti ẹ̀gbọ́n dára.

Èkejì, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ dúró lórí ilẹ̀, kí ẹ wo rọ́bà líle tí kì í jẹ́ kí axle gbá ara ọkọ̀. Ṣé àyè ṣì wà níbẹ̀? Bí sípíríǹgì bá ti rẹ̀, kò ní sí àyè mọ́, gbogbo kòtò lẹ ó máa gbọ́ "gbì!" Ẹ ó rò pé sípíríǹgì le jù, bẹ́ẹ̀ ó ti rọ̀ jù ni. Níbi tiwa, àyè wà.

Ẹ̀kẹta, ṣọ́ọ̀kì. Ẹ fi sítáńdì gbé ọkọ̀ ró dáadáa. Ẹ má wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e. Ẹ tú apá ṣọ́ọ̀kì kúrò lára axle, kí ẹ fi ọwọ́ gbé e sókè sódò. Ó yẹ kó máa lọ díẹ̀díẹ̀, kó le bákan náà látòkè délẹ̀. Ti ọ̀tún lọ bẹ́ẹ̀. Ti òsì, mo fi gbogbo agbára tì í, kò mira. Ó ti gan!

Ẹ̀kẹrin, búṣì. Èmi ni mo fa èyí. Rọ́bà tó wà lójú iwájú sípíríǹgì lẹ̀ mọ́ irin rẹ̀. Kì í yí. Ńṣe ló máa ń lọ́ bí aṣọ tí à ń fún. Nígbà tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ṣì wà lófuurufú ni mo ti dè é pa. Bí ọkọ̀ ṣe balẹ̀, rọ́bà ti lọ́ kó tó rí kòtò kankan. Mo tú bóòtù náà, mo sọ ọkọ̀ kalẹ̀ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, mo mì ín dáadáa, kí n tó tún un dè.

Owó mi ni mo fi ra ṣọ́ọ̀kì òsì. Sípíríǹgì àtijọ́ wọn ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Mo ha ìpẹtà rẹ̀ kúrò: kò sí irin kan tó ṣẹ́ níbẹ̀. Àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Làpálàpá ni mo pa, tí mo sì gba owó lé e.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ẹ̀gbọ́n gbé ìyàwó wọn lọ sí ọjà Peckham. Wọ́n pè mí láti ibẹ̀. Wọ́n ní màmá ti sùn nínú ọkọ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó rà. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o. Ire o.